Iyọ̀ Tí Mo Kọ́ Wọn Sódì

Ìyàwó mi kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ìyálẹ̀ta, níbi tó ti ń bí ọmọ wa àkọ́kọ́. Ọmọ náà yè. Obìnrin ni. Dókítà jáde wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó ní àwọn ti ṣe gbogbo ohun tí àwọn lè ṣe, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rántí èyí dáadáa. Mo ní, "Ẹ ṣeun, dókítà, ẹ kú iṣẹ́," bí ẹni pé ó bá mi tún kẹ̀kẹ́ mi ṣe. Ó wò mí díẹ̀, ó yí padà wọlé.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomè. Kétu ni wọ́n bí mi sí. Ìjọba ló gbé mi wá sí Parakou láti kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní físíìkì àti ṣimí, ẹ̀kọ́ tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kẹ́mísírì. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni ìyàwó mi. Olùkọ́ ni òun náà, àwọn ọmọ kéékèèké tó ń kọ́ lẹ́tà kíkà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé oníyàrá méjì la gbà ní Titirou, àdúgbò kan ní Parakou. A ò tíì lo ọdún mẹ́ta pọ̀.

A sin ín ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Oòrùn mú gan-an. Bàtà ọkùnrin tó dúró níwájú mi ni mo ń wò, okùn ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti já, ó fi wáyà so ó. Àwọn ènìyàn ń sọ pé, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù," mo sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń retí ìgbà tí nǹkan kan máa ṣe mí. Kò sí ohun tó ṣe mí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀. O mọ̀ pé wọ́n ń fa nǹkan, o tilẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń ró, ṣùgbọ́n ẹnu yẹn kì í ṣe tìrẹ mọ́.

Ìyá ìyàwó mi wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ṣábẹ̀, ó dé ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Obìnrin gíga tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ ni, ọkọ tirẹ̀ náà ti kú tipẹ́. Kò lọ sí ibi sàréè, nítorí òbí kì í lọ wo ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Ilé ìwòsàn ló gbà lọ tààrà, ó lọ gbé ọmọ. Nígbà tó gbé e délé, ó jókòó sórí àga tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí, kò sì mọ̀ pé àga rẹ̀ ni. Ó ń fi ṣíbí kékeré rọ wàrà sí ọmọ lẹ́nu. Aládùúgbò wa kan, obìnrin Bàrùbá tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í wá fún ọmọ lọ́mú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò gbọ́ Yorùbá, ìyá ìyàwó mi kò sì gbọ́ Bàrùbá. Wọ́n kàn ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wọn ni, wọ́n á mi orí, ó parí.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Fadá wá sílé, a sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ìyá ìyàwó mi pè mí jókòó.

"Ọmọ mi," ó ní, "mo fẹ́ gbé e lọ sí Ṣábẹ̀."

"Ó dáa, Màmá."

"Ṣé ó dáa lóòótọ́? Ìwọ ni bàbá rẹ̀. Bí o bá ní kí ó dúró, èmi náà á dúró tì í níbí."

"Ẹ máa gbé e lọ, Màmá. Ta ló máa dúró tì í tí mo bá lọ síbi iṣẹ́?"

"N kò bi ọ́ nípa iṣẹ́. Mo ní ṣé ó dáa."

Mo tún ní ó dáa. Ó wo ọwọ́ mi méjèèjì tí mo gbé lé orúnkún, ó mí kanlẹ̀, ó dìde lọ ká aṣọ ọmọ.

Àárọ̀ ni ọkọ̀ ojú irin máa ń gbéra lọ sí ìsàlẹ̀, sí Ṣábẹ̀ àti Ìdàáṣà àti Kutọnu. Èmi ni mo gbé àpò àti agolo wàrà. Nígbà tí ìyá ìyàwó mi fẹ́ gun àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó gbé ọmọ sí mi lápá kí ó lè ráyè di irin mú. Mo gbé e dání. Ó fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo nà án sí i láti ojú fèrèsé, ó gbà á. Ọkọ̀ fọn, ó lọ. Mo wo aago mi, mo rí i pé tí mo bá gun kẹ̀kẹ́ kíákíá, màá bá kíláàsì aago mẹ́wàá. Mo sì bá a.

Dírẹ́kítọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ti ní kí n sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, èmi ni mo ní rárá. Ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ń sọ pé mo ní ìgboyà. Kì í ṣe ìgboyà. Nínú ilé, gbogbo nǹkan ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi: aṣọ tó wà lórí okùn, ìkòkò, aládùúgbò tó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti jẹun. Ní kíláàsì, ẹfun ìkọ̀wé nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, ìwé sì ti sọ ohun tí mo máa sọ.

Ohun tó kàn nínú ìwé ni bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe ń so mọ́ra wọn. Mo ti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yẹn ní ọdún méjì ṣáájú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Átọ́ọ̀mù ni ẹyọ tó kéré jù nínú ohunkóhun tí a lè fọwọ́ kàn, irin ni o, omi ni o, ara wa ni o. Ní àárín rẹ̀ ni kóró wà, bíi ti èso, àwọn ohun wẹ́ẹ́wẹ́ tí a ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì ń yí i ká ní agbo-agbo. Agbo tó wà níta pátápátá ló ń ṣe gbogbo wàhálà. Bí agbo yẹn bá ní mẹ́jọ, átọ́ọ̀mù náà á fara balẹ̀, kò ní wá ẹnikẹ́ni. Bí kò bá pé mẹ́jọ, kò ní ìsinmi. Á máa wá ẹni tó máa fún ní nǹkan, tàbí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n á jọ ní in.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa ń là á sí fún wọn. Àkọ́kọ́ ni ti iyọ̀, níbi tí átọ́ọ̀mù kan ti ń yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tirẹ̀ fún èkejì pátápátá. Ẹni tó fún ni á gba àmì ìròpọ̀, ẹni tó gbà á á gba àmì ìyọkúrò, àmì méjèèjì á sì máa fa ara wọn, wọn ò ní jẹ́ kí ara wọn lọ mọ́. Èkejì ni ti omi àti ṣúgà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan, tí wọ́n kàn jọ ní in. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wo kànga tó wà láàárín agboolé méjì: àwọn ará ọ̀tún ń fà á, àwọn ará òsì ń fà á, kò sì sẹ́ni tó lè gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti irin, níbi tí gbogbo wọn ti da tiwọn sí àárín, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń rìn kiri láàárín wọn láìsí ẹni kan pàtó tó ni wọ́n. Ìdí nìyí tí iná mànàmáná fi ń gba inú wáyà kọjá.

Gbogbo èyí ni mo sọ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin gbé ọmọ mi lọ. Mo ń gbọ́ ohùn mi láti ọ̀nà jíjìn, bí ìgbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀ ní ilé kejì. Mo yíjú sí pátákó, mo ya agbo, mo fi àmì sí i, mo fa ọfà láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Àwọn ọmọ dà á kọ. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan. Ó yẹ kí ìdákẹ́jẹ́ yẹn jọ mí lójú, torí oníbéèrè ni kíláàsì yẹn, àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún báákì, ìdánwò àṣejáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, ni wọ́n. N kò ronú sí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo fún wọn ní ìdánwò kékeré: kí wọ́n ṣàlàyé bí iyọ̀ ṣe ń di iyọ̀. Mo kó ìwé wọn lọ sílé, mo fi ìǹkì pupa máàkì wọn, mo pín in padà fún wọn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Títí di òní, n kò lè rántí ìgbà tí mo jókòó máàkì ìwé wọ̀nyẹn.

Nígbà náà, Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé kì í lọ sí kíláàsì. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, n kò ṣe nǹkan kan, nígbà tí mo rí obìnrin kan àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà. Mo dá ọmọ náà mọ̀. Ọmọbìnrin méjì péré ló wà ní kíláàsì yẹn, òun ni ọ̀kan. Ìdílé Mùsùlùmí ni tiwọn, Yorùbá tó ti ń ṣòwò ní Parakou kí wọ́n tó bí i. Ìyá rẹ̀ ń ta iyọ̀ ní ọjà Arzèkè, gbogbo wa ní Titirou la sì mọ ìsọ̀ rẹ̀. Ìyá náà gbé abọ́ tí wọ́n fi aṣọ bò dání.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Mùsíyé," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, ó rọra tẹ orúnkún. "Ọlọ́run á tu yín nínú. Á dá ọmọ náà sí fún yín."

"Àmín, Màmá. Ẹ ṣeun. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó. Wàgáṣì ló wà nínú abọ́ náà, wàrà dídì tí àwọn Fúlàní ń ṣe, wọ́n ti dín in. Ìyá náà ní, "Ọmọ yìí ló ní dandan ni ká wá lónìí. Mo ní ká jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní rárá, òun ò lè dúró."

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Ó fa ìwé kan tí ó ká sí mẹ́rin yọ lábẹ́ ìborùn rẹ̀.

"Mùsíyé, ẹ má bínú," ó ní.

"Kí nìyẹn?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ìwé ìdánwò ni, Màámi."

"Ìdánwò? Nínú ilé ọ̀fọ̀? Ìdí tí o fi ń fà mí láṣọ láti àárọ̀ nìyẹn? O fẹ́ wá bá olùkọ́ rẹ jiyàn máàkì níbi tí òkú ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde?"

"N kò wá nítorí máàkì."

"Kí lo wá wá nígbà náà?"

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, Màmá," mo ní. "Mú un wá."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Mo tú u. Ó ti kọ ọ́ pé nínú ohun méjì tó ń di iyọ̀, sódíọ̀mù ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ní agbo ìta, pé kílọ́ọ̀rì ní méje, pé sódíọ̀mù ló ń yọ ẹyọ kan tirẹ̀ fún kílọ́ọ̀rì, tí kílọ́ọ̀rì fi ń pé mẹ́jọ. Ìǹkì pupa ti fa ìlà méjì gba orí gbogbo rẹ̀ kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ òdo sí, àti ọ̀rọ̀ kan: "Sódì!" Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni. Mo wò ó bí ìgbà tí ènìyàn rí aṣọ ara rẹ̀ lára ẹlòmíràn.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ìka ọwọ́ mi ka méje, mo fi ẹyọ kan kún un. Kíkà tí ọmọ kékeré ń kà.

"Ìwọ lo gbà á," mo ní. "Èmi ni mo ṣì í."

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ni mo kọ sí pátákó lọ́jọ́ yẹn?" mo bi ọmọ náà.

"Ẹ ní kílọ́ọ̀rì ló ń fún sódíọ̀mù ní ẹyọ kan. Ẹ fa ọfà láti ọ̀tún sí òsì."

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀?"

"Ọjọ́ yẹn náà. Nítorí tó bá fún un, mẹ́fà ló kù sí i lọ́wọ́, ìyẹn náà á wá ní méjì. Kò sí èyí tó máa ní ìsinmi nínú àwọn méjèèjì."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ọjọ́ tí ọmọ yín lọ ni, Mùsíyé," ó ní. "Eruku ojú ọ̀nà ibùdókọ̀ wà lára ṣòkòtò yín."

N kò mọ ibi tí mo máa gbójú sí. Kì í ṣe pé ìtìjú mú mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ojú tì mí, mo dúró dè é, bí mo ṣe dúró de ẹkún níbi sàréè. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé n kò rántí. Ẹnì kan ti wọ aṣọ mi, ó ti lo ẹfun mi àti ìǹkì mi, ó ti kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn sódì, ó sì ti fi òdo san án fún ẹni tó gbà á.

Ìyá náà ló fọhùn. "Mùsíyé, ẹ forí jì mí, mo jẹ́ òpè. Iyọ̀ wo lẹ̀ ń sọ? Ṣé iyọ̀ tí mo ń tà yìí?"

"Iyọ̀ tí ẹ ń tà náà ni, Màmá."

"Kí ló wá ń fún ara rẹ̀ nínú rẹ̀? Ẹyọ kan náà kọ́ ni?"

"Nǹkan méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ irin rírọ̀ tí ẹ lè fi ọ̀bẹ gé bí ọṣẹ. Bí ẹ bá sọ ọ́ sínú omi, á gbiná. Èkejì jẹ́ èéfín aláwọ̀ ewé. Bí ẹ bá fà á sí imú púpọ̀, ó lè pa yín."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rò pé mo ń ṣàwàdà, ó sì dùn mọ́ ọn pé mo lè ṣàwàdà. Lẹ́yìn náà ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ni.

"Èyí tó ń gbiná àtèyí tó ń pani," ó ní. "Mo ti ń tọ́ ọ wò láti kékeré mi. Mo máa ń fi sí ẹnu kí n tó gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá. Kò tíì jó mi rí."

"Kò lè jó yín mọ́. Wọn kì í ṣe ara wọn mọ́ tí wọ́n bá ti so pọ̀. Èyí tó ń gbiná ti yọ ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu dànù. Èkejì ti rí ohun tó ń wá."

"Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ tú wọn ká ńkọ́?"

"Ó ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n ó gba agbára, iná tó pọ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í mọ̀ nìyẹn. Wọ́n rò pé síso pọ̀ ló ń gba agbára. Títú ni."

Mo sọ ọ́ ní ohùn kan náà tí mo fi ń sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Obìnrin náà kàn mi orí. Ó dìde, ó gbé wàgáṣì náà sún mọ́ mi, ó ní kí n jẹ ẹ́ kí ó tó tutù. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo gbọ́ tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá dírẹ́kítọ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa.

"Má jẹ́wọ́ níwájú wọn," ó ní. "Padà lọ kọ́ wọn dáadáa, kí o ṣe bíi pé o kàn ń tún un sọ ni. Olùkọ́ tó bá ti sọ pé òun ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa wá àṣìṣe rẹ̀ lójoojúmọ́."

"Mo ti fún ẹni tó gbà á ní òdo, Dírẹ́kítọ̀."

"Tún máàkì rẹ̀ ṣe. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Lẹ́yìn náà ó wò mí. "Mo ti ní kí o lọ sinmi. Lọ sílé, àbúrò. N kò ní kọ ọ́ sínú ìwé."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò lọ sílé.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wọ kíláàsì pẹ̀lú páálí kan lábẹ́ apá. Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí: ohun tí mo kọ́ wọn nípa iyọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, òdì rẹ̀ gan-an ni òótọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló sì kọ òótọ́ nínú ìdánwò náà, èmi ni mo fún un ní òdo. Mo ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ ọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn, ọmọkùnrin Ìdàáṣà kan tó ti ń hu irùngbọ̀n, dìde.

"Mùsíyé, a mọ̀," ó ní.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Pé ẹ kọ ọ́ sódì. A sọ ọ́ láàárín ara wa nígbà tí ẹ jáde. Kì í ṣe gbogbo wa, ṣùgbọ́n a pọ̀."

"Ẹ sì kọ ọ́ sódì nínú ìdánwò?"

"A rò pé ó yẹ ká fi yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. A ní tí a bá kọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, kò ní dà yín láàmú."

Mo wo gbogbo wọn. Ogún ojú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn. Wọ́n ti jókòó kọ ohun tí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, wọ́n sì fi orúkọ wọn sí i, nítorí mi. Mo yíjú sí ọmọbìnrin náà.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pète rẹ̀ ni?"

Ó dìde. "Mo wà níbẹ̀, Mùsíyé. Mo rò pé bí gbogbo wa bá kọ ọ́ sódì, ẹ ò ní mọ̀ láéláé pé ẹ ò sí níbí."

Àwọn kan bínú sí i, mo rí i. Ó jókòó.

Lẹ́yìn náà mo ṣí páálí náà. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ni mo kó wá, àti gílóòbù kékeré kan, wáyà, àti ọ̀pá dúdú méjì tí mo yọ nínú bátìrì tó ti kú. Mo so gbogbo rẹ̀ mọ́ra, mo fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ọ̀pá méjèèjì. Mo ní kí wọ́n sún mọ́ tábìlì. Mo kọ́kọ́ fi ìṣó kan dí àlàfo náà, gílóòbù tàn gbòò, nítorí inú irin ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń rìn fàlàlà. Mo yọ ìṣó, mo ki ọ̀pá méjèèjì bọ inú iyọ̀ gbígbẹ. Kò tàn. Wọ́n yà. Mo ní ohun tó ní àmì ìròpọ̀ àti ohun tó ní àmì ìyọkúrò wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti di ara wọn mú, wọn ò lè rìn. Mo da omi sí i, mo rò ó pọ̀, mo tún ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Gílóòbù náà pọ́n díẹ̀díẹ̀, kò tàn tó ti ìṣó, ṣùgbọ́n ó tàn. Omi ti dá wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ti lè rìn. Lẹ́bàá ọ̀pá kan, òórùn kan ń jáde bíi ti omi jáfẹ̀lì tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun. Mo ní, "Kílọ́ọ̀rì lẹ̀ ń gbóòórùn yẹn. Ẹ má sún mọ́ ọn jù." Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ṣe ti omi ṣúgà, kò tàn rárá, torí àwọn tó jọ ní nǹkan kò ní àmì kankan tí iná lè fà. A ṣe é títí agogo fi lù. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè, mo sì dáhùn wọn. Mo kíyè sí àwọn ìdáhùn náà bí mo ṣe ń sọ wọ́n, mo ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó jẹ́ kí wọ́n jáde lẹ́nu mi. Bí mo ṣe kọ́ni fún ìyókù ọdún yẹn nìyẹn.

Mo tún máàkì gbogbo wọn ṣe. Ọmọbìnrin náà ṣe báákì ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó sì yege. Wọ́n ní ó lọ sí Dakar. N kò mọ ibi tó wà báyìí.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ṣábẹ̀. Ọmọ mi ti ń sanra, orí rẹ̀ ti ń dúró. Nígbà tí mo gbé e, ó ké títí ó fi lágùn. Ìyá ìyàwó mi kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Jókòó. Á mọ̀ ọ́." Mo jókòó. Fún ọjọ́ mẹ́rin, iṣẹ́ tí mo ṣe ní Ṣábẹ̀ nìyẹn: kí n jókòó, kí ọmọ máa ké lórí ẹsẹ̀ mi. Ní ọjọ́ karùn-ún, kò ké. Kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wo bọ́tìnnì ẹ̀wù mi. N kò lè sọ pé inú mi dùn. Mo lè sọ pé mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, èmi náà sì wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ ní gbogbo ìsinmi.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ àgbà ní kí n wá mú un, nítorí iléèwé. Mo ti kó kúrò ní Titirou nígbà náà, mo wà ní àdúgbò Albarika. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé, bí a ṣe ń lọ sí iléèwé rẹ̀ láàárọ̀, ó bi mí pé báwo ni ohùn ìyá òun ṣe rí.

Mo ti wá a ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ọdún wọ̀nyẹn, n kò rí i. N kò fẹ́ parọ́ fún un.

"N kò rántí ohùn rẹ̀ mọ́," mo ní.

"Kí lẹ rántí?"

"Mo rántí pé ó máa ń yára rìn. Bí a bá jọ ń lọ sọ́jà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wà. Màá máa pè é pé kó dúró dè mí, á ní ṣe ni kí èmi náà yára."

Ó gbé àpò rẹ̀ sí èjìká kejì.

"Ṣé ó máa ń dúró?"

"Nígbà míì," mo ní.

A rìn dé ẹnu ọ̀nà iléèwé. Ó wọlé láìwẹ̀yìn. Mo dúró níbẹ̀ títí àwọn ọmọ fi tò tán, mo sì gba ojú ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ.